Ilé Ológun Kò Gbọdọ̀ Dákẹ́

Bí a bá ka ìwé ìtàn tí wọ́n kọ nípa ogun ní ilẹ̀ wa, orúkọ àwọn ọ̀gágun ni a óò kọ́kọ́ bá níbẹ̀. A óò bá ọjọ́ tí wọ́n gba ìlú báyìí, a óò bá irú ìbọn tí wọ́n lò, a óò sì bá ibi tí wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà. Ohun tí a kì í sábà bá ni ilé tí ọmọ ogun náà ti jáde. Ta ni ó ń pọnmi fún ìyá rẹ̀ nígbà tí ó lọ? Kí ni ìyàwó rẹ̀ ń ṣe ní alẹ́ tí oorun bá kọ̀? Nígbà tí ó sì dé, kí ni ó sọ, kí ni ó gbé mì? Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ilé yẹn ni mo fẹ́ kọ̀wé nípa rẹ̀, nítorí pé inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Mo sì fẹ́ fi hàn yín pé ní ilẹ̀ Èkìtì wa yìí, àti kọjá Èkìtì pàápàá, ogun àti eré kì í ṣe àjèjì sí ara wọn. Ohun tí ológun kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, eléré ló ń bá a sọ ọ́. Ilé tí kò bá rí ẹni bá a sọ ọ́, ìdákẹ́jẹ́ ní ń bà á jẹ́.

Ọmọ Òmùò-Èkìtì ni mí. Ẹni tí kò bá mọ Òmùò, kí ó wo ìpẹ̀kun Èkìtì ní apá ìlà-oòrùn, níbi tí ilẹ̀ wa ti fara kan ilẹ̀ Kogí, tí ó jẹ́ pé bí o bá rìn síwájú díẹ̀, àwọn tí ń kí ara wọn ní "Ọ̀kún" ni wàá máa bá pàdé. Ìwé kíkọ ni mo ń ṣe láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́. Ìgbésí ayé òǹkọ̀wé kò ní ariwo nínú o. Bí ilẹ̀ bá mọ́, mo gbàdúrà, mo mu ẹ̀kọ gbígbóná pẹ̀lú àkàrà, mo jókòó sídìí tábìlì. Bí ọ̀rọ̀ bá ń wá, mo kọ ọ́; bí kò bá wá, mo fi ojú wo ògiri títí tí yóò fi wá. Ọ̀sán ni ti ayò lábẹ́ igi, alẹ́ ni ti rédíò àti fíìmù. Àwọn ọmọ-ọmọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé àgbàlagbà kì í fẹ́ràn fíìmù tó báyìí. Mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀ jàre. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, eré kì í ṣe ohun tí a fi ń pa ọjọ́ jẹ. Oúnjẹ ni.

Sójà ni bàbá mi. Bàbá tí ó bí bàbá mi náà lọ sí ogun Hítílà, ó dé Bóma, ó sì padà. Èmi kò wọ aṣọ ológun rí, ṣùgbọ́n mo mọ bí obìnrin tí ọkọ rẹ̀ wà lójú ogun ṣe ń sùn. Kì í sùn dọ́kàn. Bí ajá bá gbó, yóò dìde. Bí ọkọ̀ bá dúró ní títì, yóò dìde. Bí ọlọ́pàá tàbí akọ̀wé bá ń bọ̀ lọ́nà ilé wa lọ́sàn-án gangan, yóò gbá àyà mú títí tí ẹni náà yóò fi kọjá. Ẹni tí ó bá ti gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀ yóò mọ ìdí tí mo fi ní ìtàn ogun kò pé láìsí ìtàn àwọn tí ó dúró sílé.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ní Ìrè-Èkìtì ni a ti ń sọ ìtàn ológun tí ó kọ́kọ́ ti ogun dé sílé tí ilé kò gbà á dáadáa. Ògún fúnra rẹ̀ ni. Wọ́n ní ó ti pẹ́ lójú ogun kí ó tó padà sí Ìrè, àwọn ará ìlú kò sì tètè mọ̀ ọ́n mọ́. Ọjọ́ tí ó wọlé bọ́ sí ọjọ́ tí ìlú pé jọ fún orò kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọhùn níbẹ̀. Ó kí wọn, wọn kò dá a lóhùn. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó rí agbè ẹmu tí wọ́n tò sílẹ̀, ó gbé wọn, òfìfo ni gbogbo wọn. Ọkùnrin tí ó ti ń fi idà sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí wá tún fa idà yọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí bẹ́ àwọn ènìyàn ara rẹ̀ lórí. Ìgbà tí orò parí, tí ẹnu ṣí, tí wọ́n ṣàlàyé fún un, ni ó tó mọ ohun tí ó ṣe. Ó kábàámọ̀, ó fi idà rẹ̀ gúnlẹ̀, ó sì wọlẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Ògún Onírè títí di òní.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lè pe èyí ní ìtàn òrìṣà lásán. Èmi, bí mo bá fi ojú ṣùnnùkùn wò ó, ìtàn ilé ológun ni mo rí níbẹ̀. Ọkùnrin ti ogun dé, ilé dákẹ́, òun náà kò sì rí ọ̀rọ̀ sọ àfi èyí tí ogun kọ́ ọ. Kì í ṣe ogun ni ó pa àwọn ará Ìrè o, ìdákẹ́jẹ́ ló pa wọ́n.

Ẹ wá wo ohun tí àwọn ọmọ Ògún ṣe lẹ́yìn náà. Wọ́n dá ìjàlá sílẹ̀. Ìjàlá ni a tún ń pè ní aré Ògún, àwọn ọdẹ àti ológun ni wọ́n ni ín, níbi ẹmu, níbi ìsìnkú ọdẹ, níbi ọdún Ògún. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá tí ó ṣe ìwádìí rẹ̀ fínnífínní, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1966, fi yé wa bí ó ti kún fún ẹranko, igi, oríkì ìdílé, ẹ̀fẹ̀ àti ẹ̀dùn. Ọkùnrin tí kò ní jókòó ti ìyàwó rẹ̀ kí ó ní, "Ẹ̀rù bà mí nínú igbó," yóò dìde níwájú ogúnlọ́gọ̀ ènìyàn, yóò fi ohùn ìjàlá sọ ọ́, wọn yóò sì pàtẹ́wọ́ fún un. Kò sí ẹni tí yóò pè é ní ojo. Eré ló gbà á lẹ́nu.

Láti Ìrè, ẹ jẹ́ kí á wá sí Òkèmẹ̀sí, tí òun náà jẹ́ ilẹ̀ Èkìtì. Ibẹ̀ ni Fábùnmi wà, akíkanjú tí ó gbé idà sí ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní 1878 nígbà tí ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ sú àwọn ènìyàn. Ọ̀rọ̀ yẹn ló di ogun Kírìjì, tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà fi para pọ̀ dojú kọ Ìbàdàn, tí Ògèdèǹgbé Ìjẹ̀ṣà sì di ọ̀gágun wọn. Ìró ìbọn ńlá tí wọ́n ń yìn ló fún ogun náà lórúkọ. Ní 23 oṣù kẹsàn-án 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun kò tú ká pátápátá títí di 1893. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún tí ogun bẹ̀rẹ̀ ti hu irùngbọ̀n kí àgọ́ tó tú. Nínú àgọ́ yẹn gan-an ni àwọn kan ti kọ́lé, tí wọ́n dáko, tí wọ́n fẹ́ ìyàwó, tí wọ́n bímọ. Bí a bá ń wá bárékè àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa, níbi tí ìyàwó àti ọmọ ológun ti ń gbé pọ̀ nínú ariwo ìbọn, a kò ní láti lọ jìnnà.

Ìlú Òkèmẹ̀sí yìí kan náà ni wọ́n ti bí Kọ́lá Ògúnmọ́lá ní 1925. Olùkọ́ ni kí ó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ di eléré, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí a kì í lè sọ ìtàn tíátà Yorùbá láìdárúkọ wọn, àwọn méjì yòókù jẹ́ Hubert Ògúǹdé àti Dúró Ládiípọ̀. Òun ló gbé ìtàn ọ̀mùtí tí Amos Tutùọlá kọ sórí ìtàgé, tí a wá mọ̀ sí "Lánkẹ́ Ọ̀mùtí", ní 1963 ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ó kú ní 1973, kò tíì pé ọmọ àádọ́ta ọdún. Mo máa ń rò ó pé ìlú kan ṣoṣo bí Fábùnmi, ó sì bí Ògúnmọ́lá. Èkínní fi idà gbèjà wa. Èkejì ń mú wa rẹ́rìn-ín ara wa. Kò sí èyí tí mo lè sọ pé kí Òkèmẹ̀sí má ti bí nínú méjèèjì.

Nígbà tí ó di ogun àgbáyé kejì, òyìnbó kó àwọn ọmọ wa kọjá òkun. Ẹgbẹ́ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà méjì, ìkọkànlélọ́gọ́rin àti ìkejìlélọ́gọ́rin, ló lọ sí Bóma lọ bá àwọn ará Japáànù jà. Bàbá àgbà mi wà lára wọn. Gbogbo ohun tí ó sọ fún wa nípa Bóma kò ju mẹ́ta lọ: pé òjò ibẹ̀ pọ̀, pé eṣúṣú inú igbó ibẹ̀ a máa mu ẹ̀jẹ̀, àti pé kí a má fi oúnjẹ ṣòfò. Bí o bá bi í ní ìkẹrin, yóò ní kí o lọ wo ewúrẹ́ bóyá ó ti wọlé.

Bóyá òun nìkan ló rí bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe ti Isaac Fádóyèbọ̀. Ọmọ Ẹmùrè-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀ ni, ẹ má ṣì í mú mọ́ Ẹmùrè-Èkìtì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí ó lọ forúkọ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní oṣù kìn-ín-ní 1942, láìsọ fún bàbá, láìsọ fún ìyá. Wọ́n fi í sídìí ìtọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́. Ní oṣù kẹta 1944, àwọn ará Japáànù yọ sí wọn lẹ́bàá odò Kaladan, wọ́n pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìbọn sì ba ẹsẹ̀ Fádóyèbọ̀. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sàró, ni ó ṣẹ́ kù síbẹ̀. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tí ń jẹ́ Shuyiman ló fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu, tí ó gbé wọn pamọ́, tí ó ń fún wọn lóúnjẹ, títí àwọn ọmọ ogun òyìnbó fi dé ní oṣù kejìlá ọdún náà. Ẹ ka oṣù náà wò, mẹ́sàn-án ni, iye oṣù tí oyún fi ń dàgbà nínú.

Fádóyèbọ̀ padà sílé, ó ń tiro, ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó tọ́ ọmọ. Ó wá kọ ìtàn náà sílẹ̀. Ọdún 1999 ni ìwé náà tó jáde, ní Amẹ́ríkà, ọdún márùndínlọ́gọ́ta lẹ́yìn tí ìbọn bà á. Oníròyìn òyìnbó kan, Barnaby Phillips, rí ìwé náà, ó wá bá a ní Nàìjíríà, ó gba lẹ́tà ìdúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé e dé Bóma. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n ó bá àwọn ọmọ rẹ̀, ó fi lẹ́tà náà jíṣẹ́. Fíìmù tí ó ṣe lórí rẹ̀ jáde ní 2011. Ní 2012, Fádóyèbọ̀ kú. Ṣé ẹ rí i bí ó ti kù díẹ̀ kí ìtàn náà bá a wọ ilẹ̀ lọ? Ìwé àti fíìmù ló gbà á sílẹ̀.

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ọmọ sójà Bóma tí ó di òǹkọ̀wé, a kò lè fo Bíyì Bándélé. Kafanchan ni wọ́n bí i sí ní 1967, ọmọ Yorùbá ni, bàbá rẹ̀ sì jà ní Bóma. Nínú ìtàn tí bàbá rẹ̀ ń sọ fún un ní kékeré ni ìwé rẹ̀ "Burma Boy" ti fìdí múlẹ̀, èyí tí ó jáde ní 2007. Eléré ni Bándélé tún jẹ́. Ó kọ eré fún ìtàgé ní Lọ́ńdọ̀nù, ó darí fíìmù, kí ó tó kú ní oṣù kẹjọ 2022. Bàbá mú ìbọn, ọmọ mú kálàmù àti kámẹ́rà. Ọ̀nà tí ilé náà gbà sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Mo wá dé orí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń dùn mí jù. Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì, tí wọ́n bí ní 1926. Ó wọ iṣẹ́ ológun ní 1943. Ó gba àmì ẹ̀yẹ lọ́wọ́ ìjọba òyìnbó, ó sì tún gba àmì ẹ̀yẹ akíkanjú nítorí iṣẹ́ tí ó ṣe ní Kóńgò ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Nígbà tí àwọn sójà gba ìjọba ní 15 oṣù kìn-ín-ní 1966, òun ni wọ́n fi ṣe gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn.

Ẹ rántí bí Ìwọ̀-Oòrùn ti rí nígbà náà. Ilé ń jó, wọ́n ń da epo lé ènìyàn lórí, ará ilé kan náà kò lè jọ jẹun nítorí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú. Ní 1964, Hubert Ògúǹdé ti gbé eré "Yorùbá Ronú" jáde láti fi kìlọ̀ fún wa. Inú ìjọba Ládòkè Akíntọ́lá kò dùn sí i, wọ́n sì ka ẹgbẹ́ eré Ògúǹdé sí ẹgbẹ́ tí kò bófin mu. Kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Ọkùnrin tí ó ti ń ṣeré káàkiri láti 1944, tí eré sì jẹ́ oúnjẹ òun àti ti agboolé rẹ̀, tí gbogbo ìlú ń retí bọ́ọ̀sì rẹ̀, wọ́n ní kí ó pa ẹnu dé. Ògúǹdé kò pa ẹnu dé. Ó kọ òmíràn, ó pè é ní "Òtítọ́ Korò". Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ wà ní títì.

Ní 4 oṣù kejì 1966, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ológun gba ìjọba, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Fájuyì jẹ́ olórí rẹ̀ tú òfin náà ká. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ kí ó yé wa: àwọn tí a dìbò fún ló dí eléré lẹ́nu, sójà ọmọ Èkìtì ló ṣí i. Mi ò fi èyí yin ìjọba ológun o. A ti rí ohun tí ìjọba ológun fi ojú wa rí lẹ́yìn náà, àwọn mìíràn nínú wọn pàápàá kò fẹ́ gbọ́ ohùn eléré. Ohun tí mo ń sọ ni pé nínú gbogbo ohun tí ó jẹ́ kánjúkánjú nínú ilé tí ń jó, wọ́n ka eré mọ́ ọn.

Oṣù mẹ́fà péré ni Fájuyì fi jẹ gómìnà. Ní 29 oṣù keje 1966, àwọn sójà wá mú Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi tí ó gbà lálejò ní Ìbàdàn, wọ́n sì mú òun náà lọ, wọ́n pa wọ́n pọ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ikú ogun ní í pa akíkanjú, ikú odò ní í pa òmùwẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilé rẹ̀. Láti oṣù keje yẹn, ìjọba kò kéde ikú náà fún gbogbo ayé títí di oṣù kìn-ín-ní 1967, nígbà tí wọ́n tó sin ín pẹ̀lú ọlá ní Adó-Èkìtì. Ẹ rò ó wò: ilé tí wọn kò sọ fún pé kí ó sunkún, tí wọn kò sì sọ fún pé kí ó máa retí. Lónìí, ère rẹ̀ wà ní Adó, bárékè ńlá kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Ìbàdàn, gbọ̀ngàn ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ kan ń jẹ́ ẹ ní Ifẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, nígbàkigbà tí mo bá kọjá lára ère náà, àwọn oṣù ìdákẹ́jẹ́ wọ̀nyẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Ọmọ Èkìtì mìíràn, Adéyínká Adébáyọ̀ tí ó wá láti Ìyìn, ló gba ipò rẹ̀. Kò pẹ́ tí ogun abẹ́lé fi dé. Ní 1966, àwọn sójà Nàìjíríà kò ju nǹkan bí 10,000 lọ. Nígbà tí ogun parí ní 15 oṣù kìn-ín-ní 1970, wọ́n ti tó nǹkan bí 250,000. Ìyẹn ni pé ilé tí kò rí aṣọ ológun rí di ilé ológun ní ọ̀sán kan, òru kan.

Tiwa ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Inú bárékè ni mo ti kọ́kọ́ mọ ayé. Fèrè ní ń jí wa, fèrè ní ń sọ pé kí a sùn. Ẹ̀yà méje-mẹ́jọ ló ń gbé orí ìlà kan, kò sì sí ọmọ tí kò gbọ́ èdè mẹ́ta. Àwọn ìyàwó sójà kì í jókòó lásán. Ṣé ẹ mọ ọjà tí a ń pè ní Mámì Mákẹ́ẹ̀tì? Ìyàwó sójà ló dá a sílẹ̀. Màmá Maria Ochefu, tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ ológun ní Enugu, ló ń ta kúnú nínú bárékè níbẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1950. Wọ́n ní àwọn ọ̀gá lé e kúrò nítorí eṣinṣin, ṣùgbọ́n àwọn sójà kò lè ṣe aláìmu kúnú rẹ̀, ni wọ́n bá wá ibì kan fún un. Lónìí, kò sí bárékè tí kò ní irú ọjà náà.

Nígbà tí wọ́n kó àwọn bàbá wa lọ sójú ogun, ìyá mi kó wa padà sí Òmùò. Ní oṣù kẹjọ 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra gba Ìwọ̀-Oòrùn Àárín, wọ́n sì sún mọ́ wa dé Ọ̀rẹ̀. Ìjà tí wọ́n jà níbẹ̀ ló di àṣà lẹ́nu gbogbo Yorùbá: bí nǹkan bá le, a ní ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Ní ilé tiwa, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ́.

Ohun tí ìyá mi fi mú wa dúró ni eré. Ó ní rédíò kékeré kan tí a kì í tan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́ kí bátìrì má bàa kú. Ìròyìn ni gbogbo ènìyàn ń gbọ́ nígbà náà, òun a máa pa á bí ìròyìn bá bẹ̀rẹ̀, a sì tàn án bí orin àti eré bá dé. Bí alẹ́ bá lẹ́, àlọ́ ni. Ìjàpá inú àlọ́ ìyá mi wọ bàtà sójà, ó jí ìrẹsì ọ̀gá rẹ̀, ó sá kúrò lójú ogun, ó sì ń dé ilé lọ́jọ́ gbogbo láìfarapa. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ ohun tí ó ń ṣe. Bàbá mi ló ń mú wálé lálaalẹ́. Àwọn àgbà ní bí a ti ń sunkún, a máa ń ríran. Ìyá mi ń sunkún, ó ń pàlọ́, ó sì ń wo ojú ọ̀nà.

Òótọ́ ni pé ìjọba pẹ̀lú mọ agbára eré. Ògúǹdé tìkára rẹ̀ ṣe eré kan ní 1968 tí ó pè ní "Keep Nigeria One", tí ó sì bá ohun tí ìjọba ń kéde mu. Nítorí náà n kò sọ pé gbogbo eré ní ń sọ tẹnu aláìní ẹnu. Eré lè gbè sẹ́yìn ẹni tí ó ní ìbọn. Ṣùgbọ́n òǹwòran tí ó jókòó nínú òkùnkùn, ohun tí ó ń dùn ún ni yóò mú nínú rẹ̀ lọ sílé.

Bàbá mi padà dé ní 1970. Ara rẹ̀ pé, ọ̀rọ̀ ni kò sí lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé àpò kékeré kan sókè àjà, ó ní a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bí àwo bá jábọ́, yóò ti dé abẹ́ tábìlì. Ìyá mi á ní, "Bàbá Àkọ́bí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tó wà níkùn yín." Yóò dáhùn pé, "Kò sí nǹkan kan." Èyí lọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì gbáko, ilé wa sì dàbí Ìrè lọ́jọ́ orò.

Ní 1972, ẹgbẹ́ eré kan tí kò lórúkọ ńlá dé àdúgbò wa, pẹ̀lú bọ́ọ̀sì wọn tí ń fi gbohùngbohùn polówó. Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n lò, iná gáàsì ni wọ́n tàn. Eré ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n pè é, nípa sójà kan tí ó ti ogun dé. Nígbà tí eléré náà gbé ọwọ́ òsì kí ọ̀gá rẹ̀, bàbá mi bú sẹ́rìn-ín, a sì yíjú wò ó nítorí pé a ti gbàgbé ohùn ẹ̀rín rẹ̀. Nígbà tí ó yá, sójà inú eré gbé ẹrù ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó kú lọ fún ìyá ọ̀rẹ́ náà. Ìyá náà kò sunkún, ó ní kí ó jókòó, kí ó kọ́kọ́ jẹun. Bàbá mi dìde, ó jáde. A bá a lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó fi orí ti ògiri.

Lóru yẹn ó sọ̀rọ̀ títí àkùkọ fi kọ. Èmi gbọ́ láti orí ẹní mi. Àpò òkè àjà kì í ṣe tirẹ̀, ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni, tí ó kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gbé e dé ilé. Ọdún méjì ni kò fi mọ ohun tí yóò sọ bí ó bá dé ẹnu ọ̀nà ìyá náà. Eré ló fi bí wọ́n ti ń ṣe é hàn án. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ó gbé àpò náà, ó wọkọ̀. Nígbà tí ó padà, ohun tí ó kọ́kọ́ sọ fún ìyá mi ni pé, "Wọ́n fún mi lóúnjẹ." Ó gbé fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sí i lẹ́yìn náà, ó sì bá wa rẹ́rìn-ín nínú wọn.

Láti 2009 ni àwọn ọmọ wa tí ó wà nínú iṣẹ́ ológun ti tún ń bá Boko Haram jà ní Àríwá Ìlà-Oòrùn. Fóònù ti wà báyìí, wọ́n lè pè lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ bí wọ́n ti ń dá ìyàwó wọn lóhùn: "Kò sí nǹkan kan." Ọ̀rọ̀ bàbá mi gan-an ni. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ológun nílé, ẹ má fi agbè òfìfo pàdé rẹ̀, ẹ má sì fi ìdákẹ́jẹ́ pàdé rẹ̀. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ pàlọ́ fún un, ẹ mú un lọ wo eré, ẹ jókòó tì í. Ẹ̀yin eléré àti ẹ̀yin òǹkọ̀wé, ẹ má jẹ́ kí gbogbo fíìmù yín jẹ́ ti olówó àti ti àjẹ́ nìkan. Àwọn arúgbó tí ó ja ogun abẹ́lé kò pọ̀ mọ́. Ẹ lọ bi wọ́n léèrè kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ṣeré fún wa. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí á rí ogun mọ́ ní ilẹ̀ wa.